Ọnọrébù, Àgbo Ṣáínà àti Kọ́kọ́rọ́ Ilé Ìyàgbẹ́

Òótọ́ ni. Kí n tó kọ ìlà kejì, mo búra: bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ṣẹlẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe fẹ́ kọ ọ́. Bí mo bá fi ẹyọ irọ́ kan kún un, kí bàtà kan ṣoṣo tó kù mí kù yìí já mọ́ mi lẹ́sẹ̀ láàárín Òṣòdì lọ́jọ́ òjò. Mo ti sùn ní ibùdókọ̀ mẹ́tàdínlógún lórílẹ̀-èdè yìí, mo ti jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ olè, mo ti jẹ ẹ́ lọ́wọ́ àlùfáà, ojú mi ti rí ọ̀gá. Ṣùgbọ́n irú ọ̀gá tí Ìsọlọ̀ ní lọ́dún yẹn, n kò rí irú rẹ̀ rí.

Ọláfimíhàn Adéjùmọ̀ lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀ lásán, kò ní dá yín lóhùn. Orúkọ tó ń jẹ́ ni Ọnọrébù Olóyè Dókítà Ambásádọ̀ Ọláfimíhàn Adéjùmọ̀. Ọnọrébù, nítorí pé òun ni alábòójútó ètò ìlera ní kánsù kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí mo ṣì fẹ́ máa gba ibẹ̀ kọjá. Olóyè, nítorí pé ìlú kan tí kò dé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ dé e ní fìlà. Dókítà, nítorí pé yunifásítì kan tó wà nínú yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù táyà fún un níwèé. Ambásádọ̀? Ẹ bá mi bi í. Èmi ò mọ̀, òun náà ò mọ̀.

Ọkùnrin kan wà tó ń tẹ̀ lé e kiri, Tàjùdéèn, ẹni ogójì ọdún ó lé díẹ̀, oníyàwó, ọlọ́mọ mẹ́ta. Bí Ọnọrébù bá fẹ́ wọlé, Tàjùdéèn ni yóò pariwo gbogbo oyè yẹn láìmí láàárín wọn. Bí Ọnọrébù bá fẹ́ jẹ tàbí kó mu, Tàjùdéèn ni yóò kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, nítorí Ọnọrébù gbà pé gbogbo ayé ló fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ. (Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ráyè?) Tàjùdéèn náà ló sì ń mú kọ́kọ́rọ́ ilé ìyàgbẹ́.

Kọ́kọ́rọ́ yẹn ń fẹ́ àlàyé. Ilé ìlera kánsù tó wà ní Ìsọlọ̀ ní ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo tí omi ń yọ nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Ọnọrébù wá bẹ ibẹ̀ wò, ó wọ ilé ìyàgbẹ́ náà, ó jókòó, omi ṣàn, inú rẹ̀ dùn. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n lẹ táìlì síbẹ̀, wọ́n gbé dígí ńlá kọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé: FÚN ỌNỌRÉBÙ NÌKAN. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ló ti padà débẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kò kúrò lọ́rùn Tàjùdéèn.

Ìyá Ìlérí kì bá tí bìkítà fún kọ́kọ́rọ́ kankan láyé, bí kì í bá ṣe ti jẹjẹrẹ.

Ará Èkìtì ni Ìyá Ìlérí, ẹni àádọ́rin ọdún, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Jakande Estate ní Ìsọlọ̀ ló ń gbé, ní àjà kejì. Orúkọ ọmọ rẹ̀, Ìléríolúwa, ni gbogbo èèyàn fi ń pè é. Ọdún tó ṣáájú ọdún yẹn ni wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ìfun ńlá rẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ọsibítù ńlá, wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ dànù, dókítà sì sọ pé kí ó gba oògùn tí wọ́n ń fà sí èèyàn lára láti inú ike, èyí tí gbogbo wa ń pè ní kímò, lẹ́ẹ̀méjìlá, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì síra. Ó ti gba mẹ́jọ. Ó ku mẹ́rin.

Kánsù ló ń sanwó kímò náà fún èèyàn mẹ́jọ, Ìyá Ìlérí sì wà lára wọn. Àmọ́ kí wọ́n tó gba èyíkéyìí, Ọnọrébù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ̀mí obìnrin náà wà lẹ́nu bírò ẹni tó ń ti ilé ìyàgbẹ́ pa.

Kímò náà sì ń fìyà jẹ ẹ́. Bó bá fọwọ́ kan omi tútù, bí ẹni fọwọ́ kan ìgò fífọ́ ni; aṣọ ìnura ló fi ń wé ọwọ́ kó tó ṣí fìríìjì. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tipiri, ó ń fi ọ̀pá rìn bí ẹni ń rìn lórí òwú. Inú rẹ̀ náà kì í dúró: bí inú bá ti pè é lọ yàgbẹ́, kò sí ẹjọ́.

Ọjọ́ Túsìdeè kan ni inú pè é ní ilé ìlera náà, níbi tó ti wá béèrè ìwé kímò kẹsàn-án.

“Tàjùdéèn, ọmọ mi, jọ̀ọ́ bá mi ṣílẹ̀kùn yẹn.”

“Mọ́mì, ẹ má bínú. Ti Ọnọrébù ni.”

“Ọnọrébù wà níbí ni?”

“Rárá, mà. Wọ́n wà ní Ṣáínà.”

“Ó wà ní Ṣáínà, ìdí rẹ̀ wà ní Ìsọlọ̀?”

“Ètò ni, mà. Ẹ ò rí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀?”

“Èmi ni mo kọ́ ẹni tó kọ ọ́ níwèé. Ṣílẹ̀kùn.”

Tàjùdéèn di kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ gbà. Ìyá Ìlérí kò bá a jà. Ó rọra sọdá títì, lórí ẹsẹ̀ òwú, ó lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ táyà, ó sì lóṣòó níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, láàárín táyà àlòkù. Obìnrin tó ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n na ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé wọ́n tọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò sunkún. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó forí lé ilé.

Ọnọrébù dé láti Ṣáínà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò níbẹ̀. Wọ́n mú òun àtàwọn ọ̀gá mìíràn lọ sí ọsibítù kan tí wọ́n ti ń fi egbòogi ìbílẹ̀ àwọn ará Ṣáínà kún kímò, onímọ̀ kan sì dìde láti ṣàlàyé. Ọnọrébù gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àlàyé náà: “A ń pa méjèèjì pọ̀.” Lẹ́yìn náà ló sùn. Ìgbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ ló jí, òun ló sì pàtẹ́wọ́ pẹ́ jù. Àárín ọ̀rọ̀ náà, níbi tí gbogbo ewu wà, oorun ló gbé e lọ.

Nígbà tó ń bọ̀ wálé, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ó fi ọwọ́ lu ikùn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti fi júwe ohun tó ń wá. Ọmọbìnrin tó ń tajà rò pé ó ní òun ti yó, ó bá a yọ̀. Ọnọrébù wá nawọ́ sí agolo tó dára jù lójú rẹ̀, èyí tí wọ́n ya bàbá arúgbó onírùngbọ̀n funfun tó ń rẹ́rìn-ín sí lára. Ogójì agolo ló rà.

Ó pe gbogbo èèyàn ilé ìlera jọ. Tàjùdéèn pariwo oyè. Ọnọrébù dìde, ó tún agbádá ṣe sí èjìká ọ̀tún, ó tún un ṣe sí èjìká òsì, ó dúró kí gbogbo èèyàn dákẹ́, kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà lè gbọ́ pé òun dé.

“Ẹ̀yin èèyàn tí Olódùmarè fi mí jíǹkí! Jẹjẹrẹ ti gbọ́ pé mo ti dé. Ní pápákọ̀ òfuurufú lánàá, bí mo ṣe fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ báyìí, mo rí i pé afẹ́fẹ́ yí padà. Àwọn baba wa ní, ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí. Ta ló mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni wọ́n ń bá wí? Èmi ni mo mọ̀! Kímò lọ́wọ́ ọ̀tún, àgbo Ṣáínà lọ́wọ́ òsì! Láàárín ọwọ́ méjèèjì, ta ni?”

“Ọnọrébù ni!” ni Tàjùdéèn pariwo.

Nọ́ọ̀sì Ọmọ́wùmí, ẹni tó ń bójú tó àwọn aláìsàn mẹ́jọ yẹn, na ọwọ́ sókè. Ọ̀dọ́bìnrin jẹ́jẹ́ ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, ohùn rẹ̀ kì í ga.

“Ọnọrébù, ẹ kú àbọ̀ sà. Kí ló wà nínú agolo náà?”

“Ìmọ̀.”

“Mo ní ewé wo, sà.”

“Ewé Ṣáínà.”

“Òótọ́ ni, sà, wọ́n ń pa méjèèjì pọ̀ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n dókítà tó ń fún wọn ní kímò náà ló ń mọ gbogbo ewé tó wọnú wọn, wọ́n sì máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ewé mìíràn wà tó ń bá kímò jà. Ó lè máà jẹ́ kí oògùn ṣiṣẹ́, ó sì lè jẹ́ kó pọ̀ jù lára kó ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi agolo kan ránṣẹ́ sí dókítà, kí wọ́n ka ohun tó wà lára rẹ̀.”

“Mo ti kà á.”

“Ẹ gbọ́ èdè Ṣáínà, sà?”

“Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò níbẹ̀!”

Ẹ̀yin tó ń kàwé yìí, ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀. Gbogbo èèyàn tó wà nínú yàrá yẹn ló ní fóònù lápò. Fóònù ayé òde òní, bí ẹ bá gbé ojú rẹ̀ ko ìwé àjòjì, á túmọ̀ rẹ̀ fún yín kí ẹ tó ṣẹ́jú. Kò sí ẹnì kan tó yọ ọ́. Ọ̀gá ti ní òun ti kà á. Bí o bá tún un kà, ó túmọ̀ sí pé o pe ọ̀gá ní òpùrọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ogún fóònù ṣe sùn sínú àpò, tí agolo sì ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

Ọnọrébù pàṣẹ kí ó tó jókòó. Agolo kọ̀ọ̀kan fún àwọn mẹ́jọ. Ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́. Kò ní fọwọ́ sí kímò ẹnikẹ́ni mọ́ títí di ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ètò náà, ọ̀sẹ̀ méjì sígbà náà, ẹni tí kò bá sì mu ún, kó lọ máa sanwó kímò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wá yíjú sí Nọ́ọ̀sì Ọmọ́wùmí: “Ìwọ tí o fẹ́ràn ìwé kíkà, lọ sí ilé ìkẹ́rù, kí o lọ máa ka àwọ̀n ẹ̀fọn.”

Ibẹ̀ ni Ìyá Ìlérí ti bá a lọ́jọ́ kejì, láàárín àwọ̀n ẹ̀fọn tó ga dé àjà.

“Ọmọ mi, ṣé kí n mu ún?”

“Mọ́mì, ẹ má jẹ́ kó kan ahọ́n yín, àyàfi bí dókítà yín bá mọ ohun tó jẹ́.”

“Bí n kò bá mu ún, kò ní fọwọ́ sí i.”

“Mo mọ̀, mà.”

“Wọ́n ti sún kímò kẹsàn-án mi sí ọjọ́ kejì ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀ yẹn.”

“Mo mọ̀, mà.” Nọ́ọ̀sì Ọmọ́wùmí ká àwọ̀n kan, ó tún un tú, ó tún un ká. “Irínwó ó lé mẹ́tàdínlógún ni mo ti kà. Ṣé ẹ fẹ́ ọ̀kan?”

Ìyá Ìlérí gba àwọ̀n, ó gba ọ̀nà ilé.

Nílé, ó ṣí agolo náà. Òórùn rẹ̀ bọ́ sí i nímú, ó sì dúró gbọnin. Òórùn atalẹ̀ ni, àti ti èèpo igi gbígbẹ, ó sì gbé e padà sí ìdí ààrò ìyá rẹ̀ l'Ékìtì, nígbà ọyẹ́, nígbà tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ sínú omi ewé gbígbóná kí wọ́n tó sùn. Ìyá Ìlérí wo agolo. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti kú. Ó sì kórìíra kí nǹkan ṣòfò.

“Ẹsẹ̀ kì í ṣe ẹnu,” ó wí fún ara rẹ̀.

Ó yẹ ẹsẹ̀ méjèèjì wò bóyá ojú egbò wà níbẹ̀. Kò sí. Ó sè é, ó dà á sínú bàsíà, ó fi omi là á. Nígbà tó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ gbígbóná yàtọ̀ sí títutù mọ́, ìgbọ̀nwọ́ ló fi wọn omi náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún omi ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ló kẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan títí agolo náà fi tán. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, bó ṣe ń kọjá lọ sí ilé ìdáná, ó rí i pé òun mọ etí ẹní lábẹ́ àtàǹpàkò òun. Ó padà sẹ́yìn, ó tún un tẹ̀. Etí ẹní ni lóòótọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ọmọ rẹ̀ Ìléríolúwa fi béèrè pé, “Mọ́mì, ṣé ijó ni?”

Tàjùdéèn wá yẹ agolo wò. Kò béèrè ohunkóhun. Ó rí agolo òfìfo, ó rí ìyá arúgbó tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá ṣílẹ̀kùn láìmú ọ̀pá, ó sá padà. Kò mọ̀ pé àwọn méje yòókù ti fi tiwọn pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Ẹnì kan ń dà á sídìí ata, ata náà sì ń so. Ṣùgbọ́n ohun tí Ọnọrébù gbọ́ nìyí: Ìyá Ìlérí ti mu ún tán, ó ti ń sáré.

“Mo ti mọ̀!” ni Ọnọrébù wí. “Òun ni yóò jẹ́rìí!”

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ pé, ọjọ́ Tọ́sìdeè. Wọ́n ta kánópì sí iwájú ilé ìlera, wọ́n gbé àwòrán Ọnọrébù kọ́ tó ga ju ilé ìlera náà lọ. Nínú àwòrán ọ̀hún, ó fọwọ́ ọ̀tún di ike kímò mú, ó fọwọ́ òsì di agolo mú, ó sì tẹ ohun kan mọ́lẹ̀ tí ayàwòrán ní jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n tó jọ ejò tó gbé iṣu mì. Alága kánsù wá. Àwọn ará Jakande wá. Ìsíátù, aládùúgbò Ìyá Ìlérí, tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ àti sílípáàsì ní Òṣòdì, tó sì ti Ṣáínà dé láàárọ̀ àná níbi tó ti lọ rajà, ló mú un wá.

Wọ́n to àwọn aláìsàn mẹ́jọ sórí bẹ́ǹṣì kan, wọ́n gbé ife àgbo kíkún lé ọwọ́ wọn. Bí Ọnọrébù bá ní “Ó yá!”, wọn yóò mu ún pa pọ̀ níwájú kámẹ́rà. Fọlárìn ló jókòó ti Ìyá Ìlérí, aránṣọ láti Apákún, ẹni ọdún méjìdínlógójì, tí kímò ti pá lórí.

“Mọ́mì,” ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “ẹ̀rù ń bà mí tẹ́lẹ̀. Mi ò tíì tọ́ ọ wò rárá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí i tí ẹ ń rìn láìmú ọ̀pá yìí, ọkàn mi ti balẹ̀. Màá mu ún tán ni.”

Ìyá Ìlérí wò ó. Ó wo ife ọwọ́ rẹ̀.

Tàjùdéèn pariwo oyè. Ọnọrébù gbé agolo sókè, ó ní òun yóò kà á fún ayé gbọ́ ní èdè tí wọ́n fi kọ ọ́. Ó la ẹnu, ohun tó jáde kì í ṣe èdè ẹnikẹ́ni: “Ṣíín ṣọ́ọ̀n ṣáàn, hùú wọ́ọ̀n tẹ́ẹ̀n!” Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, “Ẹni tó bá mu mí, ikùn rẹ̀ di ikùn ọba.” Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìsíátù tó wà lẹ́yìn yọjú, ó fọwọ́ bo ẹnu.

“Kí ẹ má baà sọ pé mo gbé yín síwájú,” ni Ọnọrébù wí, “èmi ni n ó kọ́kọ́ mu ún!”

Tàjùdéèn tọ́ ọ wò gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ife kan gbáko ló mu, nítorí kámẹ́rà wà níbẹ̀. Ọnọrébù dúró ìṣẹ́jú kan, ó rí i pé Tàjùdéèn kò ṣubú, ó wá mu tirẹ̀. Ife mẹ́ta, láìsinmi. Ó nu ẹnu. Ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: ó sọ bí wọ́n ṣe bí òun, ó sọ bí òjò ṣe rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sọ ohun tí àwọn ará Ṣáínà wí nígbà tí wọ́n rí iwájú orí òun. Nígbà tó fi pe Ìyá Ìlérí jáde, ogójì ìṣẹ́jú ti lọ, àgbo náà sì ti délé.

Tàjùdéèn ló yẹ kó di makirofóònù sí i lẹ́nu. Ṣùgbọ́n òógùn ti bo Tàjùdéèn lójú, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Ó gbé makirofóònù lé ìyá náà lọ́wọ́, ó sì ń rìn lọ bí ẹni tó há ẹyin sáàárín itan.

“Mà! Ẹ sọ fún ayé! Ife mélòó lẹ mu?” ni Ọnọrébù bi í.

Ìyá Ìlérí mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ọ̀la ni kẹsàn-án. Ìwé rẹ̀ wà lórí tábìlì níwájú Ọnọrébù, bírò wà lórí ìwé. Bó bá wí pé “ife méjì lóòjọ́”, gbogbo rẹ̀ parí, yóò fọwọ́ sí i. Ó bojú wẹ̀yìn. Fọlárìn ti gbé ife sún mọ́ ètè.

“N kò mu ife kankan,” ó wí.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọnọrébù náà rẹ́rìn-ín. “Ìrẹ̀lẹ̀ ni! Ẹ sọ òótọ́, mà!”

“Òótọ́ nìyẹn. N kò mu ún. Mo sè é, mo dà á sínú bàsíà, ẹsẹ̀ ni mo kì bọ̀ ọ́.” Ó wá yí padà, ohùn ọ̀gá ilé ìwé sì jáde láti ibi tó ti sùn sí láti ọdún mẹ́wàá: “Fọlárìn! Gbé ife yẹn sílẹ̀!”

Ife méje kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Alága kánsù pàápàá gbé omi inú ike tó ń mu sílẹ̀.

“Ẹsẹ̀?” ni Ọnọrébù ké. “O gbé ìmọ̀ àgbáyé, o fi fọ ẹsẹ̀? Mo pa orúkọ rẹ rẹ́! Tàjùdéèn, gbé bírò wá!”

Tàjùdéèn kò sí níbẹ̀ mọ́. Bírò náà sì wà níwájú Ọnọrébù fúnra rẹ̀.

“Ọláfimíhàn,” ni Ìyá Ìlérí wí, láìsí oyè kankan níwájú rẹ̀, “pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwọ náà kò mọ̀, kò ní wọ ẹnu ọmọ yìí lójú mi.”

Bí Ìsíátù ṣe dìde nìyẹn. Ó ti ń rọ́ èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ̀. “Ẹ gbé agolo yẹn fún mi. Mo ti rí nǹkan kan lára rẹ̀ látọ̀ọ́kán.” Ó gbà á, ó fi ìka tọ́ka. “Ẹsẹ̀ rèé.”

“Kí lo mọ̀?” ni Ọnọrébù wí.

“Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń ra ìbọ̀sẹ̀ àti sílípáàsì ní Ṣáínà, sà. Bí n kò bá mọ ohunkóhun kà, mo mọ ẹsẹ̀ kà. Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, wọn ìbá ti ta ìbọ̀wọ́ fún mi.”

Alága kánsù yọ fóònù. Òun ni kò lọ́gàá níbẹ̀, òun nìkan ló sì láyà láti yọ ọ́. Ó gbé e ko agolo, ó wò ó pẹ́, ó wá ń túmọ̀ rẹ̀ sókè bí ẹni ń ka ìwé ẹjọ́: “Egbòogi ìrẹsẹ̀. Ẹ dà á sínú omi gbígbóná. Ara òde nìkan ni kí ẹ lò ó fún. Ẹ má ṣe mu ún.”

Gbogbo èèyàn yíjú sí Ọnọrébù.

“Ní ìjìnlẹ̀ ẹ̀kọ́ àwọn ará Ṣáínà,” ni Ọnọrébù wí, “ẹsẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ik—”

Kò parí rẹ̀. Makirofóònù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀, ní ọ̀gangan ìgbànú, ikùn rẹ̀ ló sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ariwo náà gba inú sípíkà jáde, ó ròkè, ó rodò, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà lódìkejì títì, wọ́n gbójú sókè wo bóyá òjò fẹ́ rọ̀. Ọnọrébù ju makirofóònù nù. Ó kó apá agbádá méjèèjì mọ́ra, ó gba abẹ́ kánópì, ó gba ẹ̀gbẹ́ Ìyá Ìlérí, ó forí lé ilẹ̀kùn tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ó tì í. Kò ṣí. Ó fi èjìká tì í. Kò ṣí. Ó pariwo sí Tàjùdéèn ní gbólóhùn kan. Láti inú ilé ìyàgbẹ́ náà, láàárín táìlì àti dígí, ni ohùn Tàjùdéèn ti dáhùn, ohùn ẹni tó wà nínú ìpọ́njú:

“Ó wà lọ́wọ́ mi níbí, Ọnọrébù. Ẹ ṣì ní sùúrù díẹ̀, sà.”

Ohun tó kù, ẹ̀yin náà jẹ́ àgbà. Agbádá funfun ni ó wọ̀.

Alága fọwọ́ sí ìwé àwọn mẹ́jọ níbẹ̀ lórí ìdúró, ó lọ fúnra rẹ̀ pe Nọ́ọ̀sì Ọmọ́wùmí jáde láàárín àwọ̀n ẹ̀fọn, ó sì gbé ìwé orúkọ lé e lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Ìlérí gba kẹsàn-án. Ó sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ fún dókítà. Dókítà kò bá a jà, kò sì yìn ín, ó kọ ọ́ sínú fáìlì, ó ní, “Ó lè jẹ́ ewé ni, ó lè jẹ́ omi gbígbóná lásán ni. Ẹ jẹ́ kí n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ná, kí ẹ tó tún kẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.” Ìyá Ìlérí ní kò burú. Ó gba kẹwàá, ó gba kọkànlá, ó gba kejìlá. Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta báyìí. Ilé ìyàgbẹ́ yẹn kò ní kọ́kọ́rọ́ mọ́, ẹnikẹ́ni ló ń lò ó. Ìyá Ìlérí ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ó sì pẹ́ níbẹ̀ dáadáa, kò kánjú.

Ọnọrébù kò padà sí ọ́fíìsì. Lẹ́tà ló fi ránṣẹ́, ojú ìwé mẹ́fà, tí ẹnikẹ́ni kò kà. Ṣùgbọ́n òfin kánsù ni pé bí ọ̀gá kan bá fipò sílẹ̀, akọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́ sínú ìwé ìrántí. Akọ̀wé béèrè kiri, wọ́n ní Ìyá Ìlérí ló sún mọ́ ọn jù lọ́jọ́ náà. Ó gòkè lọ sí àjà kejì ní Jakande, ó jókòó, ó ṣí ìwé.

“Mà, kí ni Ọnọrébù sọ kẹ́yìn?”

“Ó ní, ‘Tàjùdéèn, kọ́kọ́rọ́ dà?’”

“Ìyẹn nìkan, mà?”

“Ìyẹn nìkan.”

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀: Tàjùdéèn, kọ́kọ́rọ́ dà.